Ológbò màmá kan kú sínú búùtù lójú ọ̀nà Abidjan! Báwo ni tàwọn òyìnbó ṣe ń gbé inú mọ́tò tí kì í kú?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má fi ṣe ẹ̀rín o. Ọ̀rọ̀ ológbò ni, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, omijé sì wà níbẹ̀.

Ní Másífà, lágbègbè Èjìgbò, ni mo ti bá màmá kan pàdé. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Abidjan ló ti ń ta gàrí àti èlùbọ́, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ṣe ń ṣòwò lọ́hùn-ún láti ayé àwọn bàbá wọn. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò ṣòro láti gbọ́ èdè Faransé nígboro Èjìgbò.

Èkúté ni ọ̀tá màmá yìí. Wọ́n ń dá àpò gàrí lu, wọ́n ń ba ọjà jẹ́. Nígbà tó wálé, ó rí ológbò kan tó mọ èkúté pa dáadáa lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Ó ní òun á mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ọmọ mi, inú apẹ̀rẹ̀ ni mo gbé e sí. Bí mọ́tò ṣe gbéra báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Làwọn èrò bá pariwo pé àjẹ́ ni, pé kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Dírẹ́bà ní tí mi ò bá fẹ́ kí òun já èmi náà sílẹ̀, kí n jẹ́ kó lọ sínú búùtù."

Inú búùtù ló lọ, láàrin ẹrù, lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí wọ́n dé bọ́dà Sèmè tí wọ́n ṣí i, ó ti kú.

"Ó la ẹnu sílẹ̀," ni màmá wí. "Mi ò sunkún lójú wọn. Abidjan ni mo dé kí n tó sunkún."

Ní báyìí, ó tún ti rí ọmọ ológbò mìíràn. Ó wá bi mí pé: "Ìwọ tó o kàwé, ṣé kò sí bí èèyàn ṣe lè gbé ológbò rìn kó má kú ni?" Mo ní màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ wádìí. Ohun tí mo rí rèé.

ILÉ TÓ NÍ TÁYÀ

Àwọn òyìnbó ní irú mọ́tò kan tó jẹ́ pé ilé ni. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, omi wà, òmíràn tilẹ̀ ní ṣáláńgá tirẹ̀. RV ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń fi gbafẹ́, ṣùgbọ́n owó ilé ló lé àwọn mìíràn wọnú rẹ̀. Sinimá *Nomadland*, tó gba ẹ̀bùn Oscar tó ga jù lọ ní 2021, dá lórí irú wọn, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n sọ mọ́tò dilé lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ní 2008.

Ọmọ tiwa náà kò gbẹ́yìn. Pelumi Nubi fi mọ́tò kékeré kan, Peugeot 107, wa ara rẹ̀ láti London. January 30, 2024 ló gbéra, April 7 ló wọ Èkó. Ó ní jàǹbá lójú ọ̀nà ní Côte d'Ivoire, síbẹ̀ ó délé.

Pelumi kò gbé ológbò o. Ẹni tó gbé e ni Rich East, ará Australia. Ní 2015, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ta ẹrù rẹ̀, òun àti ológbò rẹ̀, Willow, sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú mọ́tò káàkiri ilẹ̀ náà. Àní ṣáájú mọ́tò, ológbò ti ń bá atukọ̀ rìn nítorí èkúté inú ọkọ̀. Trim, ológbò tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ ojú omi ní 1799, bá ọ̀gá rẹ̀, Matthew Flinders, yí Australia ká. Wọ́n mọ ère rẹ̀ sí Sydney títí dòní.

KÍ LÓ DÉ TÍ TIWỌN KÒ KÚ?

Ajá ń tẹ̀ lé olówó rẹ̀, ilé ni ológbò ń tẹ̀ lé ní tiẹ̀. Ẹ bá gbé e kúrò níbi tó mọ̀, ẹ̀rù á bà á, á sì ké. Ẹkún ìbẹ̀rù ni, kì í ṣe àjẹ́ rárá. Àwọn tó ń bá ológbò gbé inú mọ́tò kọ́kọ́ ń sọ mọ́tò náà di ilé fún un. Kí mọ́tò tó gbéra, wọ́n á jẹ́ kó jẹun níbẹ̀, kó sùn níbẹ̀, wọ́n á wá máa gbé e rin ìrìn díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ Abidjan kò ní mọ́tò tirẹ̀. Ó dáa, àpótí ni kó jẹ́ ilé ológbò yín. Ẹ jẹ́ kó máa sùn nínú rẹ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ tẹ́ aṣọ tó ti gbóòórùn ilé síbẹ̀. Lọ́jọ́ ìrìn, ẹ má bọ́ ọ yó kẹ́ ẹ tó gbéra, ṣùgbọ́n ẹ máa fún un lómi. Ẹ má tú u sílẹ̀ nínú mọ́tò, kó má lọ há sábẹ́ bíréèkì. Ẹsẹ̀ yín ni kó wà, kì í ṣe búùtù láéláé. Bí ooru ìta bá jẹ́ 30, mọ́tò tó dúró sóòrùn tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ lè kọjá 45 láàrin ìdajì wákàtí, ológbò kò sì lè làágùn bíi tiwa.

Ọ̀rọ̀ bọ́dà ńkọ́? Láti Èkó dé Abidjan jẹ́ 1,028 kìlómítà, bọ́dà mẹ́rin ló sì wà níbẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún èèyàn láyè 90 ọjọ́ láìgba físà. Kò dárúkọ ológbò o! Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì gba ìwé rẹ̀ dání. Abẹ́rẹ́ náà ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mú ara, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀la tẹ́ ẹ ń lọ.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ sé e mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ẹ bá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, á sá lọ wá Másífà.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá. Ó ké sí káfíńtà àdúgbò, ìyẹn fi pákó kan àpótí, ó ta wáyà aláwọ̀n sí ojú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ìgbà tí mo kọjá níbẹ̀ kẹ́yìn, ọmọ ológbò náà ń sùn nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Màá bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ kí n tó sanwó lọ́tẹ̀ yìí," ni màmá wí. "Tó bá ní búùtù ni, màá wá mọ́tò mìíràn."

Àwọn àgbà ní tí ológìnní bá jáde lọ, ilé á di ilé èkúté. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé ológbò kọjá bọ́dà rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa.