Ṣé gbogbo àwọn tó lò ó ló yá? Ìbéèrè tí ìdánwò wa kì í bi ọmọ

Ẹni tó bá ń wọ dánfó ní Agric, ní Ìkòròdú, láàárọ̀, yóò ti pàdé olóògùn inú ọkọ̀ rí. Ọkọ̀ kò ní tíì dé Májídun tí yóò fi dìde láàárín èrò, tí yóò kí tọmọdé tàgbà, tí yóò sì fa ike kékeré kan yọ nínú báàgì. Oògùn kan ṣoṣo yìí, ó ní, ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, làkúrègbé, àti ojú tó ń ṣe bàìbàì. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ìyá àgbà kan tí kò lè rìn lò ó, ìyá náà sì ti padà sọ́jà. Lọ́jọ́ kan, ọmọdébìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù jókòó ti ìyá rẹ̀ níwájú mi. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó ní: “Mọ́mì, ṣé gbogbo àwọn tó lò ó ló yá, àbí ìyá yẹn nìkan?” Ìyá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. “Pa ẹnu ẹ dé. Ṣé o ò rí i pé àgbà ń sọ̀rọ̀ ni?”

Ìbéèrè ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Òun gan-an ni ohun tí àwọn onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ń wá káàkiri ayé: àròjinlẹ̀ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kí ó tó gbà á. Bí a ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì, kí èérí yà sọ́tọ̀, ni ẹni tó ní in ṣe ń ṣe sí ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́. Yóò béèrè ẹ̀rí. Yóò wò ó bóyá nǹkan mìíràn ló fa ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀. Yóò sì rántí pé òun náà lè ṣàṣìṣe. Ṣé a lè kọ́ ọmọ kékeré ní irú nǹkan báyìí ní kíláàsì? Bí a bá kọ́ ọ, ṣé ìdánwò lè fi hàn pé ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́?

Wọ́n ti dán an wò ní Uganda. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Makerere ní Kampala, tí Allen Nsangi àti Daniel Semakula wà lára wọn, pẹ̀lú Andrew Oxman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Norway, bá àwọn olùkọ́ àtàwọn ọmọ jókòó pọ̀, wọ́n sì ṣe ìwé alákàwòrán kan fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí méjìlá. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, John àti Julie, ló wà nínú ìtàn rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ nípa ìwòsàn ládùúgbò, irú bíi pé ìgbẹ́ màlúù ń wo ojú iná, wọ́n sì ń kọ́ bí a ṣe ń bi ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Ṣé nítorí pé ó ti pẹ́ tí a ti ń lò ó nìkan la ṣe ní ó dára? Ṣé nítorí pé ẹnì kan lò ó tó sì yá ni? Àwọn tí kò lò ó ńkọ́, ṣé àwọn náà kò yá? Èèyàn mélòó la fi wéra?

Wọ́n mú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 120 ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà, wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ àwọn tí yóò kọ́ ẹ̀kọ́ náà àtàwọn tí yóò máa bá tiwọn lọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ni, ìṣẹ́jú 80 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì parí rẹ̀ láàárín táàmù kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìbéèrè 24 síwájú àwọn ọmọ tó lé ní 10,000. Ẹni tó bá gba 13 ti yege. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò kọ́ ọ, 27 péré ló yege. Nínú ọgọ́rùn-ún tó kọ́ ọ, 69 ló yege. The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ló gbé e jáde ní 2017. Nígbà tí wọ́n tún dán àwọn ọmọ náà wò lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó kọ́ ọ tó yege jẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí kò kọ́ ọ sì ti sún mọ́ 52. Ó jọ pé ọjọ́ orí náà ń kọ́ni: àlàfo náà dín kù, àmọ́ kò pa rẹ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu. Ìbéèrè objective ni gbogbo ìbéèrè 24 yẹn. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà mélòó kan pé A, B, D ló ba ọpọlọ àwọn ọmọ wa jẹ́, èmi náà sì ti sọ ọ́ rí. Ti Uganda fi hàn pé ohun tí a béèrè ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ gbé irú èyí yẹ̀ wò: ọ̀fìnkìn mú Adé, ó mu àgbo fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì yá, kí ló yẹ kí a mọ̀ kí a tó lè sọ pé àgbo ló wò ó? Bí a tilẹ̀ to ìdáhùn mẹ́rin sísàlẹ̀ rẹ̀, ọmọ kò lè rí i nínú nóòtù. Ó gbọ́dọ̀ rántí pé ọ̀fìnkìn a máa lọ fúnra rẹ̀, kí ó sì wá ẹni tí kò mu àgbo láti fi wé Adé.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ sórí nítorí WAEC, ìdánwò àṣejáde girama. Ní kíláàsì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, olùkọ́ yóò kọ ọ́ sójú pátákó: àwọn èròjà tí àgbàdo nílò, àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́, àǹfààní ajílẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ yóò kíráàmù rẹ̀, yóò tú u sórí ìwé, yóò sì gbàgbé rẹ̀ kí ó tó dé ilé. Mi ò kọ̀ pé ó yẹ kí ó mọ èròjà àgbàdo. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kò ní ohun tí yóò fi ronú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí olùkọ́ kan mú àwọn ọmọ dé oko kékeré kan lójú ọ̀nà Ìsàwò. Òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, omi dúró sí ìdí àgbàdo, ewé ìsàlẹ̀ sì ti pupa rúsúrúsú. Olóko ní àwọn kan ti sọ fún òun pé kí òun ra ajílẹ̀ báàgì méjì. Kí lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí bàbá náà tó náwó rẹ̀? Ọmọ tó mọ̀ pé àìtó náítírójìn a máa sọ ewé di pupa ti mọ ìdajì. Èyí tó tún béèrè pé ṣé omi tó dúró kò ti ń pa gbòǹgbò, tó sì fẹ́ lọ wo àgbàdo orí òkè níbi tí omi kò dúró sí, ìyẹn ti ń ronú bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ibi tí mo ti ka ìdánwò wa dé, ọmọ àkọ́kọ́ àti ọmọ kejì yìí lè gba máàkì kan náà.

Àwọn olùkọ́ tó gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ti gbọ́ èyí rí. Láti 1956 ni Benjamin Bloom àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti to iṣẹ́ ọpọlọ sí ìpele mẹ́fà, wọ́n sì fi ìrántí sí ìsàlẹ̀ pátápátá. A ń kọ́ ìpele mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, a sì ń padà wá bá ìpele àkọ́kọ́ ní kíláàsì. Mi ò dá olùkọ́ lẹ́bi. Ẹni tó ní ọmọ rẹpẹtẹ nínú yàrá kan, tí wọ́n sì fi iye ọmọ tó yege ń díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, ohun tí ìdánwò bá béèrè ni yóò kọ́ wọn.

Àwa àgbà náà kò yege nínú ìdánwò àròjinlẹ̀ ní 2025. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, JAMB gbé èsì UTME, ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, jáde: nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.95 tó ṣe é, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 1.5 kò gba 200 nínú 400. Kíá la ti mọ ìdí rẹ̀. A ní fóònù ni. A ní ọ̀lẹ ni wọ́n, pé nígbà tí kò sí expo ni àṣírí tú. Mo wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí kan àtàwọn ọmọ wọn ni kò gbà. Wọ́n ń béèrè bí ọmọ tó mọ̀wé ṣe lè gba irú máàkì yẹn, wọ́n ń kó ẹ̀sùn jọ, wọ́n sì ń ní kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àtúnṣe kan tó yẹ kó wọ gbogbo ẹ̀rọ ìdánwò kò wọ ti Èkó àti ti ìlà-oòrùn gúúsù. Ibùdó 157 ló fara gbá a, àti ọmọ 379,997, tí 206,610 nínú wọn jẹ́ ti Èkó níbí. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, gba ẹ̀bi náà ní gbangba, ó sì sunkún. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe. Ní oṣù kẹjọ, WAEC náà ní láti fa èsì tirẹ̀ sẹ́yìn: 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún tó ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò di 62.96, nítorí àṣìṣe nínú ìwé objective Gẹ̀ẹ́sì.

Irú ìbéèrè ọmọ inú dánfó yẹn ló tú àṣírí ti JAMB. Ẹ̀rí wo lẹ ní? Ṣé nǹkan mìíràn kò lè fà á?

A máa ń sọ pé abéèrè kì í ṣìnà, síbẹ̀ ọmọ tó bá bi àgbà ní ìdí ọ̀rọ̀, aláfojúdi la ń pè é. Mi ò gbà pé àṣà Yorùbá ló ń di ọmọ lẹ́nu. Àwọn tó ń pa àlọ́ fún ọmọ lálẹ́ kì í sọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí ọmọ tó gbìyànjú. Ẹni tó sì ń ta ayò pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ń kọ́ ọ láti ka ọmọ ayò tó wà nílé ẹlòmíràn kí ó tó gbé tirẹ̀. Ọ̀wọ̀ kò dí ìbéèrè lọ́wọ́. Ọmọ lè wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ tàbí ìkúnlẹ̀ kí ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo la ṣe mọ̀?”

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ọmọ kò lè yẹ ọ̀rọ̀ tí kò yé e wò. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Aliu Babatunde Fafunwa. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí dé kíláàsì kẹfà, tí olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà, àwọn tó kọ́ ọ ní Yorùbá kò sì gbẹ́yìn, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ó ní àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni ìkùnà ti pọ̀ nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Mo bi ọ̀rọ̀ yìí ní ìbéèrè ọmọ yẹn. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹfà nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà ní 2022 kò tíì dé SS3 ní 2025, báwo ni ìlànà náà ṣe lè fa ìkùnà rẹ̀ nínú WAEC? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwọn ibi tó ti ń lò ó ṣáájú ni mínísítà ní lọ́kàn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gbé ìwádìí náà síta, kí a mọ̀ bóyá wọ́n yọ òṣì, àìtó olùkọ́ àti àìsí ààbò kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Noforija kò jìnnà sí wa, ní Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Otedola ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di apá kan Yunifásítì Ètò Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022. Láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú ni Ìmọ̀tà wà, níbi tí wọ́n ti ṣí ẹ̀rọ ìrẹsì ìjọba ní oṣù kìíní 2023, tí wọ́n ní ó lè ṣiṣẹ́ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ yẹn bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, tọ́ọ̀nù mélòó nìyẹn? Oko wo ni yóò máa bọ́ ọ? Táàmù odindi kan wà nínú ìbéèrè yẹn: ìṣirò, iṣẹ́ ọ̀gbìn, ọrọ̀ ajé, gbogbo rẹ̀ ni. Mo bẹ ẹ̀yin tó ń kọ́ olùkọ́ ní Noforija, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ bí a ṣe ń ṣe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà ní Agric níbí, ìwé àwọn ọmọ Uganda náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ìwé olùkọ́ tó bá a rìn. Ẹ wà á jáde, ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín ní kíláàsì karùn-ún. Ẹ̀yin ìyá tó ń mú ọmọ wọ dánfó, bí ọmọ bá tún béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.