Ìwé Ìwáṣẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Àwọn Akàndá Ẹ̀dá

Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbòde, ará Iléṣà tí ó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé, yóò ká a sínú àpòòwé, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, kí ó tó wá ọ̀nà dé Abẹ́rẹ́ níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá ṣáṣá, ìrìn ọjọ́ kan péré ni. Ṣùgbọ́n arọ, tàbí afọ́jú tí ó ní láti wá ẹni tí yóò mú un lọ́wọ́, a máa san owó ọkọ̀ ènìyàn méjì. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí a ń pè ní òṣómàáàló mọ bí a ti í lóṣòó sí ẹnu-ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san owó. Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn dé ẹnu-ọ̀nà kò tilẹ̀ rí ibi tí yóò lóṣòó sí.

Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìwé ìwáṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìyà yìí ti dópin. Èrò náà kò burú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ètò N-Power, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2016, ti gba orúkọ àwọn olùwáṣẹ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Arọ lè jókòó sí ilé rẹ̀ ní Iléṣà kí ó béèrè iṣẹ́ ní Òṣogbo tàbí ní Àbújá. Fún òun, ilẹ̀kùn ṣí. Fún afọ́jú, ńṣe ni a kàn gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibòmíràn.

Ó yẹ kí ó yé òǹkàwé bí afọ́jú ti ń lo kọ̀ǹpútà, nítorí àwọn kan kò gbà pé ó ṣeé ṣe. Afọ́jú kì í lo máòsì. Bọ́tìnnì ni ó ń tẹ̀, ètò kan nínú kọ̀ǹpútà yóò sì máa ka ohun tí ó wà lójú rẹ̀ sí i létí. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni NVDA, tí Michael Curran, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà tí òun náà jẹ́ afọ́jú, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ fún un nìkan ni ó lè kà. Bí ẹni tí ó ṣe fọ́ọ̀mù bá kọ “Orúkọ” sí ẹ̀gbẹ́ àpótí kan fún ojú láti rí, tí kò sì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ àpótí náà nínú iṣẹ́ abẹ́nú rẹ̀, “ibi ìkọ̀wé” ni afọ́jú yóò máa gbọ́, ní ìgbà ogún, láìmọ èyí tí í ṣe orúkọ àti èyí tí í ṣe ọjọ́ ìbí. Bí ó bá la èyí já, ìdánwò àwòrán tún ń bẹ níwájú: kí ó tọ́ka sí àwòrán tí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, kí a lè mọ̀ pé ènìyàn ni, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ a sì máa yege nínú ìdánwò yìí nígbà mìíràn, níbi tí a ti lé ènìyàn padà.

Ìnira adití yàtọ̀. Nọ́ńbà tẹlifóònù nìkan ni a fi sílẹ̀ fún ìbéèrè, tàbí kí a ṣe àlàyé nínú fídíò tí kò ní àkọlé kankan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè kọ fọ́ọ̀mù dé ìdajì kí àkókò tó tán, kí gbogbo rẹ̀ sì parẹ́.

Nígbà náà ni olùwáṣẹ́ yóò gba ilé oníkọ̀ǹpútà kan lọ, ní Òkè-Fíà tàbí níbòmíràn, kí àjèjì bá a kọ ọ́. Yóò ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, oníkókó 11, sókè láàárín èrò. Yóò fi ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́. Bí àjèjì náà bá ṣì í kọ, kò lè rí i. Ẹni tí ó gboyè ní yunifásítì ni à ń wí, kì í ṣe púrúǹtù.

Òfin kò sàì sọ̀rọ̀. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Ó ní kí ìdá 5 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba jẹ́ akàndá, “bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó.” Gbólóhùn kékeré ìkẹyìn yìí ni ó fẹ́ ìfura. Ilé iṣẹ́ tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti lé afọ́jú padà lè wí pé kò sí afọ́jú tí ó béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ òun, kò sì purọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro tó bí a ti rò. Ẹgbẹ́ W3C, tí ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ti gbé ìlànà jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1999, ó sì ti tún un ṣe títí di ọdún 2023: kí a so orúkọ mọ́ àpótí, kí a fi ọ̀rọ̀ sọ àṣìṣe, kì í ṣe àwọ̀ pupa nìkan, kí a jẹ́ kí olùwáṣẹ́ lè fa àkókò gùn. Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, àjọ JAMB dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 2017 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, kí àwọn afọ́jú lè ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì bí ẹgbẹ́ wọn.

Ọ̀nà kan sì wà láti yẹ fọ́ọ̀mù wò tí kò ná ni ní kọ́bọ̀. Kí ẹni tí ó ṣe é yọ máòsì kúrò, kí ó di ojú rẹ̀, kí ó tan NVDA, kí ó sì gbìyànjú láti fi fọ́ọ̀mù náà béèrè iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe.