Owó péréte tó láti rí Àgbádárìgì

Nínú gbogbo ìlú ìtàn tó wà nítòsí, Àgbádárìgì ló rọrùn jù fún ará Bárúwà láti fi owó péréte rí láàárín ọjọ́ kan. Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà ni wọ́n jọ wà, nítorí náà kò sí owó ilé ìtura, kò sì sí wàhálà ìwé ìrìnnà. Ìlú Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin náà kún fún ìtàn òwò ẹrú, àmọ́ ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá.

Owó ọkọ̀ ló máa ń pọ̀ jù nínú ìnáwó ọjọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé èrò láti Bárúwà jáde sí Ìyànà-Ìpájá, dánfó á sì gba Ìgàndò lọ sí Ìyànà-Ìbà, níbi tí èrò ti lè rí ọkọ̀ Àgbádárìgì. Ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, síbẹ̀ orúkọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló dára jù láti gbéra. Bí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lé, àwọn onídánfó máa ń fi owó lé owó.

Bí èrò bá ti wọ ìlú, ẹsẹ̀ ló kù. Ọ̀pọ̀ ibi tó yẹ ní rírí ni kò jìnnà sí etí ọ̀sà, wọn kò sì jìnnà síra wọn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845, ṣì wà lórí ìdúró. Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ti kọ́kọ́ dé ìlú náà ní oṣù Kẹsàn-án 1842, tí Townsend ti CMS sì bá a níbẹ̀ ní ìparí ọdún yẹn. Igi Àgíà tí wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni ìwàásù Kristẹni àkọ́kọ́ ti wáyé wó ní 1959. Òkúta ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ibi tó yẹ kí èèyàn pẹ́ sí jù ni agbo ilé Seriki Williams Abass. Ọmọ Ìjòga ní ilẹ̀ Yewa ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní kékeré, ó dé Brazil, ó sì padà wá di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀ kó tó kú ní 1919. Ẹrú tó di olówò ẹrú: ìtàn yìí nìkan tó owó ìwọlé. Ilé àwọn Mobee náà ní ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń de ẹrú.

Àwọn afinimọ̀nà máa ń sọ pé 1502 ni ọjà ẹrú Vlekete bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí èèyàn gbọ́ èyí kó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìlú náà gbèrú, nígbà tí ogun Dàhómì tú àwọn ará Ouidah ká ní 1727.

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi kọ̀ọ̀kan ń gba owó ìwọlé. Nítorí náà, kí èèyàn tó tẹ̀ lé afinimọ̀nà, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí iye kan fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá kó ẹlẹgbẹ́ mẹ́rin márùn-ún dání á san díẹ̀, pàápàá lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí erékùṣù Gberefu. Àgbọn kò wọ́n nílùú náà. Ó lè di ebi mú títí dé alẹ́.

Ìrékọjá sí Gberefu kò pẹ́, àmọ́ ìrìn orí yanrìn láti èbúté dé etí òkun gùn, oòrùn ibẹ̀ sì mú. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ní àwọn ẹrú gbà, tí wọ́n mu omi kànga kan kí wọ́n tó dé ibi tí a ń pè ní Ojú Àìpadà. Kí àlejò gbé omi mímu tirẹ̀ dání, kó béèrè jákẹ́ẹ̀tì ààbò lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, kó sì tètè rékọjá padà, torí ọkọ̀ tó ń padà sí Ìyànà-Ìbà máa ń ṣọ̀wọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú.