Nígbà tí iyè àgbà bá ń ra: èwo ni ti ọjọ́ orí, èwo ni ti àìsàn?

Bí bàbá bá pe Káyọ̀dé ní Kọ́láwọlé, tó tún pè é ní Kúnlé kó tó wá bá orúkọ rẹ̀ gan-an, kò sí ewu níbẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ń ga, ọpọlọ a máa falẹ̀ bí orúnkún ṣe ń falẹ̀. Orúkọ tó sá mọ́ni lẹ́nu lọ́sàn-án lè wá fúnra rẹ̀ lálẹ́.

Ti dẹ̀mẹ́ńṣíà yàtọ̀. Àìsàn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ ni, kì í ṣe ara ogbó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 57 ló ní in lọ́dún 2021; Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn irú rẹ̀.

Ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ ni iṣẹ́ tí àgbà ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò lè ṣe mọ́. Ìyá tó ti ń ta aṣọ láti ọgbọ̀n ọdún, tó ń fi orí ṣírò, bẹ̀rẹ̀ sí í fún oníbàárà ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì. Ó bó ẹ̀wà tán, kò rántí ohun tó kàn kó tó di mọ́ínmọ́ín. Bàbá ṣìnà mọ́ṣáláṣí tó ti ń rìn láti kékeré. A dáhùn ìbéèrè rẹ̀, kò pẹ́ ó tún béèrè bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Nígbà mìíràn, ìwà ló ń kọ́kọ́ yí: owó tó fúnra rẹ̀ fi pamọ́, ó ní ọmọ-ọmọ òun ló jí i.

Ohun kan wà tó ń tan ìdílé jẹ. Ìyá àgbà lè má rántí pé òun ti jẹun láàárọ̀, síbẹ̀ kó ki gbogbo ọmọ ní oríkì láìfo ọ̀rọ̀ kan. Àwa náà á ní, "Iyè Màmá pé, wọ́n kàn ń ṣe bí ọmọdé ni." Ohun tuntun ni Alzheimer kì í jẹ́ kó dúró; ohun tó ti wọlé láti ìgbà èwe máa ń pẹ́ kó tó lọ. Oríkì tó pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ara dá.

Ẹni tó ń bá àgbà gbé ló máa ń kọ́kọ́ rí i. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana l'Amẹ́ríkà mọ èyí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, lọ́dún 1992. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà ibẹ̀ kò kàwé, nítorí náà wọ́n bi àgbà léèrè, wọ́n sì bi ará ilé rẹ̀. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, nǹkan bí 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àgbà Ìbàdàn ni dẹ̀mẹ́ńṣíà tuntun ń mú. Láàárín àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Indiana, tí wọ́n fi wé wọn, 3.24 ni. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Ẹni tó bá ní àìsàn òyìnbó ni, kó lọ bi Ìdíkàn.

Ó dùn mí gan-an pé títí di òní, arúgbó tó ṣìnà lóru lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí yóò pè é ní àjẹ́, kí wọ́n sì lù ú. Aláìsàn ni.

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni dẹ̀mẹ́ńṣíà, àwọn mìíràn sì ní ìwòsàn: àìtó fítámì B12, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, oògùn tí kò bá ara mu. Bí iyè bá dàrú lójijì, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ tàbí àkóràn; ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gbé àgbà náà lọ sílé ìwòsàn.

Ní UCH n'Ìbàdàn, ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ti wà láti 2012. Ibi yòówù tí ẹ bá lọ, kí ẹni tó ń bá Màmá tàbí Bàbá gbé bá wọn lọ, kó sọ ohun tó ti rí fún dókítà àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.