Ẹ ti mọ taekwondo? Ẹ fi júdò kún un

Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi kọ́ taekwondo kí ọkùnrin kan tó di ọrùn aṣọ mi mú ní Òṣòdì. Ìpá tí mo gbójú lé, kò ráyè jáde rárá.

Ìdí rèé: òfin taekwondo ti Òlíḿpíìkì ò gbà kí ẹ di ẹni tí ẹ ń bá jà mú, kò sì gbà kí ẹ gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú. Ohun tí ara ò bá bá pàdé rí, kò lè mọ ọ̀nà àbáyọ rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ìkejì, ẹ fi karate sílẹ̀ ná; ìpá àti ẹ̀ṣẹ́ náà ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn dáa, á kọ́ yín bí ẹ ṣe máa dáàbò bo orí. Ṣùgbọ́n júdò ni mo yàn. Ibi tí wọ́n bá ti di aṣọ mú ni tiẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó sì tètè kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣubú láì fara pa.