Obìnrin Láàrin Àjèjì: Bí A Ṣe Ń Ní Ọ̀rẹ́ Ní Àbújá

Àwọn àgbà wa a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọ̀rọ̀ yìí bá obìnrin tí iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó gbé lọ sí ìlú tí kò ti ní ẹbí mu gan-an. Kò sì sí ibi tí ó ti ṣẹ ní ilẹ̀ Nàìjíríà tó Àbújá. Ní ọdún 1975 ni ìjọba yan ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akínọlá Àgúdà jẹ́ alága rẹ̀ láti wá ibùdó fún olú-ìlú tuntun. Ní oṣù February 1976 ni òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù December 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sì ṣí kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà díẹ̀ mìíràn tí wọ́n ni ilẹ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àtọ̀húnrìnwá ni ó pọ̀ níbẹ̀. Ní ìlú tí olúkúlùkù ti jẹ́ àlejò, ta ni yóò wá gba ẹnìkejì ní àlejò?

Nígbà tí mo ti òkè òkun dé, tí iṣẹ́ sì gbé mi lọ sí Àbújá, mo rò pé mo mọ ìdáhùn. Mo gbọ́ pé àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọ̀gá yóò pàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan kí wọ́n lè mọ ara wọn. Mo wọ aṣọ òfì mi tí ó dára jù, mo sì lọ. Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Wọ́n lẹ orúkọ mọ́ wa láyà, a gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú, lẹ́yìn náà ni a ń rìn káàkiri, tí a ń pààrọ̀ káàdì. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe ni ó tẹ̀ lé e. Èmi náà sì bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Káàdì 23 ni mo kó délé, inú mi sì dùn bí ẹni tí ó ti ní ọ̀rẹ́ 23.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní òru. Mo tẹ́ àwọn káàdì náà sórí ibùsùn, mo ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn, n kò rí ẹyọ ẹnìkan tí mo lè pè ní aago méjì òru kí n wí fún un pé, “Ẹ gbà mí.” Ọlọ́dẹ ẹnu-ọ̀nà wa ni ó gbọ́ ìkérora mi, tí ó lọ kan ilẹ̀kùn nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Nupe, tí ń gbé ilé kejì. Obìnrin náà gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó bi mí pé, “Ṣé o kò ní ẹnìkankan ní ìlú yìí ni?” Mo ní, “N kò ní, mà.” Ó ní, “Bí ara rẹ bá yá, wá bá wa ní ọjọ́ Sátidé.”

Yàrá ìkàwé kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Kubwa ni ìpàdé náà. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀, ọmọ Tiv. Aránṣọ kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìbò. Obìnrin Gbagyi kan tí ń ta iṣu sì wà níbẹ̀, tí ń ru ẹrù sí èjìká gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn obìnrin ẹ̀yà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bèèrè káàdì. Wọ́n bi mí bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi bá dára. Nígbà tí mo ní ó dára, wọ́n gbé ìwé àjọ wọn lé mi lọ́wọ́. Àjọ kan náà tí a mọ̀ nílé ni, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní adashi. Bí ẹnìkan kò bá wá, èmi ni n óò tọ̀ ọ́ lọ láti gba owó rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe mọ ilé wọn, tí mo jókòó nínú ilé ìdáná wọn, tí mo mọ ọmọ tí ń ṣàìsàn àti ọkọ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ aránṣọ wa bàjẹ́, obìnrin oníṣu ni ó yọ̀ǹda ìgbà tirẹ̀ fún un kí ó lè kó owó ṣáájú. Kí ọdún tó yí po, mo ti ní ènìyàn márùn-ún tí mo lè pè ní òru, tí àwọn náà sì lè pè mí.

Èmi kò wí pé àpèjọ hòtẹ́ẹ̀lì kò wúlò. Ilẹ̀kùn ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn kò tíì wọlé. Mo lọ kí wọ́n lè rí mi ni, n kò lọ láti gbé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ìtàn wa kún fún ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú ni ẹgbẹ́ tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni wọ́n ń kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà ní ẹ̀wádún 1940, etí wọn gbọ́ ohun tí wọn kò gbọ́ rí: ìrẹsì tí àwọn aláṣẹ ń gbà lọ́wọ́ wọn, àti owó orí tí ń ni wọ́n lára. Ní ọdún 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní oṣù January 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan. Ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún aláta àti oníṣu ni agbára dé.

Ẹ̀yin olùkọ́, àwọn ọmọbìnrin tí ẹ ń kọ́ lónìí ni ètò àgùnbánirọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, yóò gbé lọ sí ilẹ̀ àjèjì lọ́la. Ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe lọ sí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n sì sọ ìrètí nù. Kí wọ́n gba iṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ìbáà ṣe títo àga. Kí wọ́n má sì jókòó ti kìkì ẹni tí ń sọ èdè wọn. A gba òmìnira ní 1960, a sì ti kọ́ olú-ìlú. Ṣùgbọ́n òkúta àti símẹ́ńtì kò lè sọ àjèjì di ará. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí a bá sì wo àwọn obìnrin Gbagyi, a ó rí i pé kò gbé e dé èjìká pẹ̀lú.