Oúnjẹ Màlúù Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn ní Agbègbè Araromi-Obu

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú, tí ó ti di olóògbé báyìí, fi ọwọ́ sí òfin tí ó ka dída màlúù káàkiri léèwọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ó ti kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí àwọn darandaran jáde kúrò nínú igbó ọba. Ohun tí ó fa òfin náà kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ní oko ní Ọ̀rẹ̀, ní Odigbo tàbí ní Araromi-Obu, èmi kò sì ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni èyí tí òfin kì í dáhùn: bí màlúù kò bá gbọdọ̀ rìn mọ́, kí ni yóò máa jẹ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta?

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ìrìn náà gan-an ni ọ̀nà tí àwọn Fúlàní fi ń bọ́ ẹran nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí koríko ilẹ̀ ọ̀dàn bá ti gbẹ, tí iná sì ti jó o, wọn a máa da ẹran wọn wá sí ìhà gúúsù, níbi tí òjò ti ń pẹ́ kí ó tó dá. Ní ilẹ̀ tí òtútù ti ń pa koríko, kò sí ibi tí àgbẹ̀ lè da ẹran rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbin tánípù sílẹ̀ fún màlúù ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Òfin ti sọ àwa náà di ará Norfolk.

Ẹnìkan lè wí pé koríko kì í tán lábẹ́ ọ̀pẹ àti rọ́bà. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n koríko tí ó ti gbó kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀jẹ̀lẹ̀ koríko. Màlúù kì í nìkan da oúnjẹ rẹ̀. Nínú ṣàkì, èyí tí àwa ń fi sínú ọbẹ̀ láìbìkítà, ni àìmọye kòkòrò àìfojúrí ń gbé, àwọn ni ó sì ń bá a da koríko líle tí ó ń jẹ ní àpọ̀jẹ. Bí purotéènì inú oúnjẹ bá ti dín sí ìdá 7 nínú 100, ebi a máa pa àwọn kòkòrò náà, iṣẹ́ wọn a dẹwọ́, màlúù kò sì ní lè jẹun tó mọ́, bí koríko tilẹ̀ kún iwájú rẹ̀. Koríko àárín ẹ̀ẹ̀rùn sábà máa ń ní ìdá 3 tàbí 4 péré. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran ṣe ń rù láàrin koríko.

Ìṣirò díẹ̀ yóò ràn wá lọ́wọ́. Màlúù tí ó wọn kílò 300 nílò nǹkan bíi kílò 7.5 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́; bí ó bá jẹ́ koríko tútù ni, yóò tó kílò 30, nítorí omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fún 120 ọjọ́, oúnjẹ gbígbẹ náà di kílò 900. Ẹni tí ó ní màlúù 10 yóò wá tọ́ọ̀nù 9. Ó dẹ́rù ba ni, ṣùgbọ́n hẹ́kítà kan èèsún tí a fi ìgbẹ́ ẹran bọ́ dáadáa lè mú ju tọ́ọ̀nù 10 lọ lọ́dún. Ìgbà òjò ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá, sísá a gbẹ nígbà náà sì ṣòro. Ohun tí ó yẹ ni kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a kì í mọ́lẹ̀ pinpin sínú kòtò, kí a sì fi ọ̀rá bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà wọ̀ ọ́. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kòtò náà jọ ohun tí ń sọ àgbàdo rírẹ di ògì: ó ń kan, kíkan náà ni kò sì jẹ́ kí ó jẹrà. Èèsún kò ní ṣúgà púpọ̀, nítorí náà ó dára kí a po èèpo gbágùúdá gbígbẹ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kíkan kì í fi purotéènì kún un. Níbi yìí ni igi ti wúlò ju koríko lọ. Agunmaníyè, tí ó ti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà wá, tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa mọ̀ sí igi ọgbà, ní purotéènì tó ìdá 20 sí 25 nínú 100 ewé rẹ̀ gbígbẹ. Àwọn onímọ̀ ILCA, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọdún 1978, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n gbìn ín ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n gbin oúnjẹ sí àárín, kí ewé rẹ̀ lè jẹ́ ajílẹ̀ fún ilẹ̀ àti oúnjẹ fún ẹran. Òórùn rẹ̀ kì í tẹ́ màlúù tí kò jẹ ẹ́ rí lọ́rùn. Bí a bá gé e sílẹ̀ mọ́jú kí ó rọ díẹ̀, a máa jẹ ẹ́. Wọ́n gbin Leucaena pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó fi òun nìkan bọ́ ẹran, nítorí májèlé tí a ń pè ní mimosine wà nínú rẹ̀, tí ń mú kí irun ẹran re.

Ní agbègbè Araromi-Obu, èèpo gbágùúdá wà ní òkìtì òkìtì níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Májèlé inú rẹ̀ lè pa ẹran bí ó bá jẹ ẹ́ ní tútù. Àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ tí ó jogún iṣẹ́ ILCA, ti fi hàn ní Ìbàdàn pé bí a bá rin èèpo náà, tí a fún omi rẹ̀ jáde bí ìgbà tí a ń ṣe gàrí, kò ní pẹ́ gbẹ. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù 1. Agbára ni èyí ń fún ẹran. Ìyókù ẹkùrọ́ tí a ti fún òróró inú rẹ̀ jáde ni yóò bá agunmaníyè pèsè purotéènì.

Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òun ni mo sì rò pé ó le jù. Ní àṣà wa, àtìpó lè gbin iṣu, ó lè gbin gbágùúdá, ṣùgbọ́n bí ó bá gbin igi, onílẹ̀ a bi í bóyá ó fẹ́ gba ilẹ̀ ni. Igi ni agunmaníyè, ó sì lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Báwo ni ẹlẹ́ran tí òfin ní kí ó jókòó sójú kan yóò ṣe jókòó sórí ilẹ̀ tí kò gbọdọ̀ gbin igi sí? Onílẹ̀ pẹ̀lú kò ṣàdédé máa fura. Ó ṣeé ṣe kí onílẹ̀ fúnra rẹ̀ gbin igi náà sí ààlà oko rẹ̀, kí ó máa ta ewé fún ẹlẹ́ran, tàbí kí ó fi gba ìgbẹ́ màlúù fún oko rẹ̀. Igi a jẹ́ ti onílẹ̀, ewé a jẹ́ ti ẹni tí ó rà á. Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sínú ìwé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, nítorí ìgbà náà ni ó yẹ kí a ri ẹ̀ka agunmaníyè mọ́lẹ̀.